Ìtìjú Ló Ń Tan Ẹ̀tẹ̀ Kálẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà pé èpè ló ń fa ẹ̀tẹ̀. Irọ́ ni. Kòkòrò àrùn tí Hansen, oníṣègùn ará Norway, ṣàwárí ní 1873 ló ń fà á. Bíbọ ènìyàn lọ́wọ́ tàbí jíjẹun pọ̀ kò lè kó o ranni. Ẹni tó bá ń bá aláìsàn tí kò tíì gba ìtọ́jú gbé fún oṣù púpọ̀ ló wà nínú ewu, pàápàá nínú yàrá tí èrò ti há mọ́ra. Àìjẹunrekánú náà ń dá kún un.

Ṣùgbọ́n ìtìjú ló burú jù. Ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò lé òun kúrò láàárín ìlú kò ní fi ara han dókítà; yóò máa kó o ran ará ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ láti 1995, oṣù 6 sí 12 péré sì ni wọ́n ń lò ó.

Bí ẹ bá rí àmì bíi làpálàpá tí kì í yún yín, tí ibẹ̀ sì kú tipiri, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ má ṣe lé aláìsàn; ẹ mú un lọ gba oògùn.