Àpò Bébà Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Rà

Bí wọ́n bá pa ènìyàn ní agbègbè wa, yálà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní àdúgbò kan ní Ọ̀yọ́ Aláàfin, ariwo kan náà ló máa ń tẹ̀lé e: ìjọba kò ra ẹ̀rọ DNA fún ọlọ́pàá, ká ní ìlú òyìnbó ni, ọwọ́ ì bá ti tẹ ọ̀daràn. Ariwo náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn kọ́ ni onílé wà. Ẹ̀rọ tó gbówó lórí jù lọ láyé kò lè yẹ ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ wò, kò sì lè tún ohun tó ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ̀rí tó dé yàrá àyẹ̀wò kankan ló ti ń kú lọ́wọ́ wa. Wákàtí àkọ́kọ́ ló ń kú sí, nínú ọ̀rá dúdú, àti nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn káńtà tí tẹ́ṣàn ń kó ẹrù ẹjọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo yàrá kan ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ilẹ̀ ti mọ́, àwọn ará ilé já ilẹ̀kùn, wọ́n bá òkú nílẹ̀. Ẹnì kan mú ọ̀bẹ kúrò nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn fi ìró bo òkú, ẹni mẹ́wàá wọlé wá wò ó, mẹ́ta nínú wọn ń ya fọ́tò. Bí wọn kò bá tètè dá onílé lẹ́kun, ó ti ní kí wọ́n pọn omi wá fọ ilẹ̀. Ọlọ́pàá dé. Kò sí ibọ̀wọ́, kò sí okùn tí wọn yóò na sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n mú ọ̀bẹ náà tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, wọ́n jù ú sínú ọ̀rá tí ẹnì kan fi ra búrẹ́dì, wọ́n ju bàtà afurasí sínú ọ̀rá kan náà, ó di ẹ̀yìn ọkọ̀. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ ti bàjẹ́ lọ́nà méjì. Ẹ̀jẹ̀ tútù tí wọ́n dì mọ́ inú ọ̀rá máa ń láàgùn nínú ooru wa, èbu á bò ó, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí á máa jẹ DNA tó wà nínú rẹ̀, ó sì lè má ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí kò fi ní wúlò mọ́. Bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá jẹ́ kó gbẹ, tí wọ́n fi sínú àpò bébà, ó lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èkejì ni ti bàtà. Bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ olóògbé lára rẹ̀ lẹ́yìn náà, agbẹjọ́rò afurasí yóò béèrè ìbéèrè kan péré: ṣé ibi ìṣẹ̀lẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ yìí ti ta sí bàtà ni, àbí inú ọ̀rá yín? Kò sí ọlọ́pàá tó lè dáhùn rẹ̀.

Kì í ṣe ìmọ̀ àjèjì ni ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó ni Ògbómọ̀ṣọ́, ọdẹ ni Ògúnlọlá tó di Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, kò sì sí ọdẹ gidi tí í tẹ ojú ẹsẹ̀ ẹran tó ń tọpa mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń gbà, ó ń wo ewé tó yí padà, ó ń fi ìka kan ìgbẹ́ ẹran bóyá ó ṣì tutù. Edmond Locard, ará Faransé tó dá yàrá àyẹ̀wò ọlọ́pàá sílẹ̀ ní ìlú Lyon lọ́dún 1910, ohun tí ọdẹ mọ̀ náà ló kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tó bá wọ ibì kan yóò fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀, yóò sì mú nǹkan kúrò. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ kọ ohun tó rí sílẹ̀, nítorí pé ẹlòmíràn ni yóò dá ẹjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ Damilola Taylor ló yẹ kí gbogbo DPO ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dunjú. Èkó ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó dé Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 2000, ìgò fífọ́ ya á nítan ní Peckham, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára rẹ̀ títí ó fi kú lórí àtẹ̀gùn ilé kan. Ọmọ ọdún 10 ni. Ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù kò ṣaláìní ẹ̀rọ, wọn kò sì ṣaláìní owó. Síbẹ̀, nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù lọ́dún 2002, orí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlẹ́rìí ọmọbìnrin kan ni wọ́n gbé e lé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró, ẹjọ́ náà sì fọ́. Ẹ̀jẹ̀ Damilola ti wà lára bàtà ọmọkùnrin kan àti lára aṣọ èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú ẹrù tí ọlọ́pàá gbà. Ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò ìjọba yẹ̀ wọ́n wò, ojú wọn fò ó. Ohun tó gba ẹjọ́ náà sílẹ̀ ni pé bàtà àti aṣọ ọ̀hún ṣì wà nípamọ́, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ lára. Ilé àyẹ̀wò mìíràn tún wọn yẹ̀ wò, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ bàtà àti ní etí apá aṣọ, nígbà tó sì di ọdún 2006 ilé ẹjọ́ dá àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó ni wọ́n lẹ́bi ìpànìyàn tí kì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kùnà, àpò tí wọ́n dì dáadáa ni kò kùnà. Ká ní tẹ́ṣàn ibòmíràn ni, tí eku ti jẹ ẹ, tàbí tí wọ́n ti sun ún pọ̀ mọ́ pàǹtírí nígbà tí ọ̀gá tuntun dé, kí ni wọn ì bá tún yẹ̀ wò?

Wọn á ní owó kò sí. Lóòótọ́, owó ẹ̀rọ kì í ṣe kékeré. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbìyànjú, wọ́n ṣí ibùdó àyẹ̀wò DNA tiwọn lọ́dún 2017. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn jàǹdùkú wọ ibẹ̀, wọ́n kó ohun tó ṣeé kó, wọ́n ba ìyókù jẹ́. Èmi kò fi èyí sọ pé ká má ra ẹ̀rọ o. Ohun tí mo ń wí ni pé àpò bébà, ibọ̀wọ́, okùn, bíró, rúlà tí wọn yóò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan kí wọ́n tó ya fọ́tò rẹ̀, àti kọ́bọ́ọ̀dù tó ní àgádágodo, kò sí èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ kan kò lè rà nínú wọn. Bí tẹ́ṣàn kan bá ní wọn, ó lè fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí Èkó tàbí Àbújá nígbàkigbà tí owó bá dé, nítorí ohun tí a tọ́jú dáadáa máa ń lè dúró dè wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ti ìbọn. Ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni ọta ìbọn pa Jimoh Isiaq nígbà ìwọ́de EndSARS ní ìlú yìí. Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá kéde pé wọ́n ti tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè tí ìwọ́de náà dá lé lórí, ká. Ẹjọ́ yẹn kọ́ ni mo fẹ́ dá níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí irú ikú bẹ́ẹ̀ máa ń gbé dìde, pé ìbọn ta ni, ẹnu kò lè dáhùn rẹ̀ tán láéláé. Irin ló lè dáhùn rẹ̀. Inú ọ̀pá ìbọn máa ń fa ìlà sára ọta tó bá gba ibẹ̀ kọjá, ohun tó ń lu ìdí ọta náà sì máa ń fi àpá sára èèpo rẹ̀. Nínú yàrá ìbọn tẹ́ṣàn, ìwé yẹ kó wà tí wọ́n kọ ẹni tó gba ìbọn sí, nọ́ńbà ìbọn náà, àti iye ọta tó gbà jáde. Bí wọ́n bá ṣa èèpo ọta lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, tí wọ́n sì gbé wọn fún ẹni tí kò sí lára àwọn tó yìnbọn lọ́jọ́ náà, ìbéèrè yẹn á ní ìdáhùn. Bí ọmọdé bá ti ṣà wọ́n lọ fi ṣeré, ìpàdé ìwádìí kankan kò lè dá wọn padà. Ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ náà kò yàtọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2017 sọ fífi ìyà jẹ afurasí di ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ ọlọ́pàá tí kò bá mú nǹkan kan bọ̀ láti ibi ìṣẹ̀lẹ̀, ẹnu afurasí ló máa ń padà wá a sí.

Agbẹjọ́rò kan lè rẹ́rìn-ín sí mi níbi tí mo dé yìí. Á ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé àìmú ohun ìjà wá sí kóòtù nìkan kò lè ba ẹjọ́ ìpànìyàn jẹ́, àti pé Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 gba adájọ́ láàyè láti gba ẹ̀rí tí wọn kò rí gbà lọ́nà tó tọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n adájọ́ lè gba nǹkan wọlé kó má sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ wo ẹjọ́ Timothy Adegoke, tó lọ ṣèdánwò ní Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 tó sì kú sí òtẹ́ẹ̀lì. Kò sí ẹni tó dìde ní kóòtù pé òun fojú òun rí bí wọ́n ṣe pa á. Àwọn nǹkan kéékèèké ni wọ́n so pọ̀, owó tó fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, òkú tí wọ́n hú jáde nílẹ̀, àyẹ̀wò òkú náà. Lórí wọn ni ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dúró ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó fi dájọ́ ikú. Níbi tí ojú kò bá ti rí i, irú ẹ̀rí báyìí ló kù, bí ọ̀kan bá sì já nínú wọn, gbogbo rẹ̀ lè tú.

Àtakò tó nira jù lọ fún mi ni ti àwọn ẹbí. Mùsùlùmí fẹ́ sin òkú lọ́jọ́ náà, Kìrìsìtẹ́nì púpọ̀ kò sì fẹ́ kí wọ́n la ara ọmọ wọn. N kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Bí ìwé ọlọ́pàá bá tètè dé ọwọ́ dókítà, àyẹ̀wò lè parí láàárín wákàtí díẹ̀, kí wọ́n sì gbé òkú fún àwọn tó ni ín. Ìdúró láìmọ ìdí ló máa ń bí ẹbí nínú ju abẹ lọ. Ti àwa ará àdúgbò tí a ń wọ́ wọlé láti ya fọ́tò, a kò ní àwáwí kankan, ẹ̀bi wa ni.

Àwọn kan á sì ní ẹ̀rí àyẹ̀wò náà máa ń ṣì. Ó ń ṣì lóòótọ́. Lọ́dún 2004, lẹ́yìn bọ́ǹbù Madrid, FBI Amẹ́ríkà sọ pé ìtẹ̀ka tí wọ́n rí lára àpò kan jẹ́ ti Brandon Mayfield, agbẹjọ́rò kan ní Oregon, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọlọ́pàá Sípéènì ló rí i pé ará Algeria kan ló nìka náà. Wọ́n rí i nítorí pé ìtẹ̀ka ọ̀hún ṣì wà tí wọ́n lè tún wò. Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà gbà ní yàrá òkùnkùn kò ní ohun tí ẹnikẹ́ni lè tún wò.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 pàṣẹ pé kí adájọ́ májísíréètì máa ṣàbẹ̀wò sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti wo àwọn tó wà látìmọ́lé. Kí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi iṣẹ́ kan kún un fún àwọn tirẹ̀. Bí adájọ́ bá wo àhámọ́ tán, kó ní kí wọ́n ṣí yàrá ẹrù ẹjọ́, kí wọ́n gbé ìwé rẹ̀ wá. Kó fi ìka lé ìlà kan nínú ìwé náà, èyíkéyìí tó bá wù ú, bóyá ọ̀bẹ kan láti ọdún tó kọjá, kó sì ní kí wọ́n mú un jáde fún òun báyìí.