Ẹ Yé Sọ Pé Ẹyẹ Á Fò Lọ

Ẹ gbọ́ ná. Bí ènìyàn bá sọ ní Ìjù l'Ọ́tà pé kí wọ́n má gé gbogbo igi etí odò Atuwara tán nítorí ẹyẹ, èsì tó máa ń tètè jáde ni pé: "Ṣebí ẹyẹ ní apá, á fò lọ síbòmíràn." Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, àmọ́ irọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Ìyẹ́ tó ti dàgbà tán ti kú bí èékánná. Bó bá ya, kò lè san. Ìdí nìyẹn tí ẹyẹ fi ń re ìyẹ́ lọ́dọọdún. Ẹ wo akọ ẹ̀gà. Nígbà tó ń já imọ̀ ọ̀pẹ kọ́lé, orí rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Bí àsìkò yẹn bá kọjá, gbogbo ẹ̀ṣọ́ náà á re dànù. Ìyẹ́ apá á máa jábọ́ díẹ̀díẹ̀, tọ̀tún tòsì, òmíràn á máa hù dípò. Lákòókò yìí, fífò nira fún un, oúnjẹ tó nílò sì pọ̀ sí i. Bí kòkòrò àti irúgbìn bá wọ́n, ìyẹ́ tuntun á hù tòun ti ìlà tó lẹ̀ lára, ibẹ̀ ló sì ti máa ń kán. Ebi ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹyẹ á gbé àbùkù rẹ̀ títí di ìgbà tó bá tún re ìyẹ́. Ṣé ẹyẹ yìí lẹ ní kó fò lọ?

Ní igbó Amurum, lórí òkè Jos, àwọn onímọ̀ ń fi àwọ̀n mú ẹyẹ, wọ́n ń yẹ ìyẹ́ apá rẹ̀ wò. Máàkì tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń lò fún èyí bẹ̀rẹ̀ láti 0, ìyẹ́ àtijọ́, dé 5, ìyẹ́ tuntun tó dàgbà tán. Ẹyẹ orí òkè kò ní òkè míì tó máa gùn bí ibùgbé rẹ̀ bá bàjẹ́. Ti Ìjù náà ò yàtọ̀: ilé-iṣẹ́ lọ́tùn-ún, ilé tuntun lósì.

Ní 2017, Shane DuBay àti Carl Fuldner gbé ìwádìí jáde lórí òkú ẹyẹ tó lé ní 1,300, tí wọ́n kó jọ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 135. Èéfín tó lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ wọn fi hàn bí afẹ́fẹ́ ṣe dọ̀tí tó lọ́dún kọ̀ọ̀kan, torí ìyẹ́ ọdún yìí, èéfín ọdún yìí ló ń gbé.

Ẹ lè ní iṣẹ́ lẹ fẹ́, kì í ṣe ẹyẹ. Ó dáa. Èmi ò ní kí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ kankan. Láti 1992 ni òfin ti ní kí wọ́n ṣàyẹ̀wò àyíká kí iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Kí àyẹ̀wò náà béèrè ìgbà tí ẹyẹ ń re ìyẹ́, kí wọ́n sì fi igi àti koríko etí odò sílẹ̀. Ẹyẹ ń re èéfín tirẹ̀ dànù lọ́dọọdún. Àwa ńkọ́? Inú ẹ̀dọ̀fóró ni tiwa ń gbé.