Ìka Mẹ́wàá Kì í Ṣe Òfin Mósè

Ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní títẹ̀ ìwé lórí ẹ̀rọ ti sọ ìka ọwọ́ di ohun ìbọ. Àwòrán kan ni wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri, tí ó ń fi ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sinmi lé hàn: ìka kékeré ọwọ́ òsì lórí a, èyí tí ó tẹ̀ lé e lórí s, ti àárín lórí d, ìfábẹ̀lá lórí f, ti ọwọ́ ọ̀tún lórí j, k, l, àti àmì, tí ó wà lẹ́yìn wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìka rẹ̀ bá yẹ̀ kúrò níbẹ̀, rúlà ni yóò dá a lóhùn. Bí ó bá tẹ iṣẹ́ rẹ̀ tán láìsí àṣìṣe kan, tí ó sì ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ parí, wọn a tún gé máàkì rẹ̀, nítorí pé ìka mẹ́fà ni wọ́n rí i tí ó fi tẹ̀ ẹ́. Àṣà yìí kò tọ̀nà. Ó ń pa ọmọ lára, ṣùgbọ́n ìpalára tí ó ń ṣe fún èdè Yorùbá tún ju ti ọmọ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ń sọ ọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ibi tí òfin náà ti wá. Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1868. Ilé-iṣẹ́ Remington bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ ní 1874. Lẹ́tà ti tò sórí ẹ̀rọ kí òfin ìka tó dé. Ní 1882 ni Ìyáàfin Longley ti ìlú Cincinnati ṣe ìwé ẹ̀kọ́ tí ó ní kí a máa lo gbogbo ìka, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n inú iṣẹ́ náà kò sì gbà fún un. Ní ìlú kan náà, ní oṣù Keje ọdún 1888, Frank McGurrin àti Louis Traub díje níwájú àwọn ènìyàn, McGurrin sì borí. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ sẹ́nu àwọn olùkọ́ pé gbogbo ìka ni ó borí.

Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ̀rọ tí Traub lò, èyí tí wọ́n ń pè ní Caligraph, ní bọ́tìnì ọ̀tọ̀ fún lẹ́tà ńlá àti ọ̀tọ̀ fún lẹ́tà kékeré. Ti McGurrin kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, McGurrin ti há ipò gbogbo bọ́tìnì sórí, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò fi kúrò lára ìwé tí ó ń dà kọ. Ta ni yóò wá sọ fún wa bóyá ìka ni ó borí, tàbí ẹ̀rọ, tàbí orí tí ó há a? Adájọ́ tí ó bá dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rí kan ṣoṣo, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yóò yí i padà kíákíá.

Ẹ jẹ́ kí a gbé òfin náà kúrò nílé, kí a wò ó bóyá yóò dúró. Ní àárín ìlú Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, ni ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Rood Woko wà, èyí tí iná jó ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003, tí wọn kò sì tún ṣí títí di 2009. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Nàgó, ti ń ṣòwò ní ilẹ̀ náà, àní kí ó tó pa orúkọ dà láti Upper Volta sí Burkina Faso ní 1984. Ní ìlú náà, bí ó ti rí káàkiri àwọn ilẹ̀ tí Faransé ti jọba lé lórí, ṣọ́ọ̀bù kéékèèké wà tí wọ́n ti ń bá ará ìlú tẹ ìwé gbowó: ìwé ìwáṣẹ́, ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, ìwé iye owó ọjà. «Secrétariat public» ni wọ́n ń kọ sí iwájú rẹ̀. Níbẹ̀, òwò ni títẹ̀ ìwé jẹ́. Oníbàárà kì í bèèrè ìka tí wọ́n lò.

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba ìwé ẹ̀rí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí olùkọ́ rẹ̀ sì ti fi rúlà kọ́ ọ títí ìka rẹ̀ fi mọ ààyè rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Rood Woko. Ẹ̀gbọ́n ní, “Àbúrò mi, ẹ̀kọ́ tí a rán ọ lọ kọ́ dà? Jókòó, kí o bá mi tẹ ìwé kan ránṣẹ́ sí Bàbá nílé.” Ọmọ na ìka bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó fẹ́ tẹ wa, zq ni ó rí. Ó fẹ́ tẹ ara, qrq ni ó jáde. Ó na ìka sí m, kọ́mà ni ó bá níbẹ̀. Nọ́ńbà tí ó fẹ́ kọ sínú iye owó kò jáde, àfi ìgbà tí ó bá di Shift mú. Kò sí ẹni tí ó ṣe é ní nǹkan. Kíbọ́ọ̀dù Faransé ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Lórí èyí, a àti q ti gba ipò ara wọn, w àti z ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, m sì ti ṣí lọ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún l. Òfin tí wọ́n torí rẹ̀ nà án kò kọjá ẹnubodè.

Olùkọ́ kan lè dáhùn pé ìlànà náà kò yí padà, pé lẹ́tà nìkan ni ó yí ipò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ ti gbà pé àwòrán ara ògiri kì í ṣe ìlànà, nítorí náà kò sí ìdí tí yóò fi gé máàkì ọmọ nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù ṣì ń bọ̀. Ìlà àárín tí wọ́n ní kí ìka sinmi lé, “ilé” ni wọ́n ń pè é. Ilé ta ni? Kọ́ńsónáǹtì kì í parí sílébù Yorùbá. Fáwẹ̀lì ni ó máa ń parí rẹ̀, yálà àìránmúpè tàbí àránmúpè tí a ń fi n kọ, àfi níbi tí n tàbí m bá dá dúró gẹ́gẹ́ bí sílébù. Èyí ni pé ìka tí ń tẹ Yorùbá kò lè rìn jìnnà kí ó tó pàdé fáwẹ̀lì. Lórí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì, a nìkan ni fáwẹ̀lì tí ó wà ní ìlà àárín. Lórí kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń lò ní Rood Woko, ìlà òkè ni a, e, u, i àti o wà láìku ẹyọ kan. Ìka kékeré òsì sinmi lé q níbẹ̀, lẹ́tà tí Yorùbá kò ní. Níhìn-ín, ti ọ̀tún sinmi lé àmì. Tí ọmọ lè kọ lẹ́tà mẹ́wàá sílé láìlò ó lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tí ó ṣe “ilé” yìí ṣe é fún èdè wọn, a kò sì bá wọn jà. Àwa tí a fi ọmọ wa jókòó sínú rẹ̀, tí a wá ń nà án nítorí pé ó jáde, ni ọ̀rọ̀ bá wí.

Àmì wá kọ́. Ká ní ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Rood Woko gba ìwé láti ilé, tí wọ́n tẹ̀ pé: “Oko de lana.” Ṣé ọkọ ìyàwó ni ó dé, tàbí ọkọ̀ tí ó kó ẹrù? Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ ohun tí ó ń wí; kò fi àmì sí i nítorí pé bí wọ́n ti kọ́ ọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a ka ìtẹ̀ rẹ̀. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ń béèrè ìtẹ̀ kan fún lẹ́tà, kan fún àmì abẹ́, àti kan fún àmì ohùn, oko tí kò ní àmì gba ìtẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ̀ gba mẹ́fà. Ọmọ tí ó kọ èdè rẹ̀ dáadáa ṣe ìlọ́po méjì iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀. Nígbà tí aago bá dún, òun ni wọn yóò pè ní onílọ̀ọ́ra. Àní nínú kọ̀ǹpútà pàápàá, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Nọ́ńbà méjì ni a ń so pọ̀ láti rí i. Ìdánwò tí ń ka ìyára tí kì í ka àmì ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n ju àmì nù, wọ́n sì ti kọ́ ọ dáadáa. Ẹ wo ìwé ìpè ìnáwó tí ó bá kàn yín ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ìṣòro náà kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Mooré tí àwọn Mossi ń sọ ń lo ɛ, ɩ àti ʋ, tí kò sí lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé. Àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí a ti ń kọ ẹ àti ọ. Kíbọ́ọ̀dù Faransé fi è, é, à àti ù ta wá lọ́rẹ lórí bọ́tìnì wọn, ṣùgbọ́n ò, ó, á, ì, í àti ú kò sí níbẹ̀. Kò sí àwòrán ara ògiri kankan nínú ilé-ẹ̀kọ́ wa tí ó sọ ìka tí ó yẹ kí ó tẹ ọ̀kankan nínú wọn. Ibi tí ọmọ ti nílò olùkọ́ jù lọ ni olùkọ́ ti dákẹ́.

Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Aalto ní ilẹ̀ Finland fi ẹ̀rọ tọ ipa ìka ọgbọ̀n ènìyàn bí wọ́n ti ń tẹ ìwé. Wọ́n rí i pé àwọn tí ó kọ́ ara wọn, tí ìka wọn kò pé mẹ́wàá, lè yára bí àwọn tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ó ya ẹni tí ó yára sọ́tọ̀ ni pé ìka kan náà ni ó fi ń tẹ lẹ́tà kan náà nígbà gbogbo, pé ọwọ́ rẹ̀ kì í rìn káàkiri, àti pé ìka tí ó kàn ti ń múra kí èyí tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ tó ṣe tán. Òtítọ́ ni pé àwọn tí ó kọ́ ara wọn ń wo kíbọ́ọ̀dù ju àwọn tí wọ́n kọ́ lọ, ẹni tí ń da ìwé kọ yóò sì pàdánù níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi lè tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ń wí pé kí kálukú máa ṣá bọ́tìnì bí adìẹ ti ń ṣá àgbàdo. Ìka tí kò ní ìlànà yóò rẹ olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ọmọ fúnra rẹ̀ ti gbé ró, tí ó dúró ṣinṣin, ìlànà ni. Àjọ JAMB tí ń ṣe gbogbo ìdánwò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà láti 2015 kò bi ọmọ kankan léèrè ìka tí ó lò. Àní ní 2017 ó dín bọ́tìnì tí ọmọ nílò kù sí mẹ́jọ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò má bàa kùnà lórí ohun tí ó mọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ yẹ̀ wò kò ju mẹ́ta lọ: bóyá ọmọ ń fi ìka kan náà tẹ lẹ́tà kan náà, bóyá ojú rẹ̀ lè kúrò lórí bọ́tìnì, àti bóyá ohun tí ó tẹ̀ ṣe é kà. Kí wọ́n fa aṣọ bo ọwọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ dán an wò. Ìyẹn kò pa á lára. Kí wọ́n yá kíbọ́ọ̀dù Faransé kan wá sí kíláàsì lẹ́ẹ̀kan ní sáà, pàápàá ní Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò àti Ṣakí, níbi tí ọmọ tí ń lọ bá ẹbí ní ilẹ̀ òkèèrè kò wọ́n. Ní ti ìdánwò, àṣà gbogbo ayé ni pé ìtẹ̀ márùn-ún ni a ń kà sí ọ̀rọ̀ kan. Kí ọ̀gá ìdánwò ka àmì abẹ́ sí ìtẹ̀ kan, kí ó ka àmì ohùn sí ìtẹ̀ kan, kí ó sì gé máàkì fún èyí tí ọmọ bá fò. Nígbà náà, ọkọ̀ yóò gba mẹ́fà, oko tí wọ́n tẹ̀ ní ipò rẹ̀ yóò gba mẹ́ta, pẹ̀lú àṣìṣe mẹ́ta lórí rẹ̀.