Ohun A Fẹ̀sọ̀ Mú Kì í Bàjẹ́

Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kékeré ní Nkembo, ní Libreville, tí àpò rẹ̀ kò ká ẹ́ńjìnnì ńlá, lè fẹ́ kí mẹkáníìkì fá orí ẹ́ńjìnnì náà kí agbára rẹ̀ lè pọ̀. Ewu ń bẹ níbẹ̀: ooru á pọ̀ jù, písítìnnì lè lu. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì kú nígbà tí omi ń fà padà, òkun Àtìláńtíìkì ni yóò gbé ọkọ̀ lọ.

Kí ó kọ́kọ́ ha ewé omi àti ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Kí ó pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, kí ó fọ kabúrétọ̀, kí ó sì po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù bí ìwé ẹ́ńjìnnì ṣe wí. Ẹrù tí kò wúlò, kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Agbára tó ti sọnù yóò padà, owó kò sì ní tán.