Ìwé Yorùbá Kì Í Ṣe Fọ́tò: Ẹ Jẹ́ Ká Tò Ó Dáadáa fún Ẹ̀rọ Ìkàwé

Ẹ yẹ WhatsApp yín wò. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí fáìlì PDF kan níbẹ̀ tó jẹ́ ìwé Yorùbá: ìtàn ìlú kan, oríkì ìdílé, tàbí ìwé àlọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ṣe dáadáa. Àmọ́ ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ ìkàwé, Kindle tàbí Kobo, kẹ́ ẹ wá wo bí lẹ́tà ṣe máa kéré bí ojú èèrà. Èrò tèmi ni pé ẹni tó kọ ìwé ló yẹ kó tò ó fún ẹ̀rọ ìkàwé, kò yẹ kó gbé iṣẹ́ náà lé òǹkàwé lórí. Tó bá wá jẹ́ pé Yorùbá la fi kọ ìwé ọ̀hún, iṣẹ́ náà di dandan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí PDF jẹ́. Ilé iṣẹ́ Adobe ló gbé e jáde ní 1993. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ojú ìwé rí bákan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà àti lórí bébà, ó sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa títí dòní. Ṣùgbọ́n nínú PDF, ńṣe ni wọ́n kan lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú kan. Bébà A4 fẹ̀ tó mìlímítà 210. Ojú ẹ̀rọ ìkàwé oní-íǹṣì 6 ò ju nǹkan bíi mìlímítà 91 lọ ní fífẹ̀. Kí ojú ìwé náà tó lè wọ ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sún kì títí kò fi ní tó ìdajì bó ṣe wà. Lẹ́tà tẹ́ ẹ tẹ̀ ní ìwọ̀n 12 á wá di nǹkan bíi 5. Ta ló fẹ́ ka ojú ìwé 200 báyẹn? Ojú ọ̀dọ́ gan-an ò gbà á, ká má tíì sọ ti àgbà.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣebí èèyàn lè fi ìka méjì fà á tóbi?" Lórí fóònù, ó rọrùn. Ti ẹ̀rọ ìkàwé yàtọ̀. Nínú ojú rẹ̀, èérún dúdú àti funfun bíntín-bíntín ló wà nínú àpò kéékèèké, agbára iná ló sì ń fà wọ́n sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi bébà lójú wa, tí kì í sì í jẹ bátìrì púpọ̀. Àmọ́ èérún tó ń rìn kò lè yára tó iná tó ń tàn. Tẹ́ ẹ bá wá ń ti ojú ìwé sọ́tùn-ún sósì kẹ́ ẹ tó ka ìlà kan tán, kò ní pẹ́ sú yín.

EPUB ò rí bẹ́ẹ̀. Ó di ìlànà tí gbogbo ayé lè lò ní 2007. Tẹ́ ẹ bá tú u wò, fáìlì zip lásán ni, tí àwọn ojú ewé bíi ti ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Kò sọ pé "lẹ́tà yìí gbọ́dọ̀ wà níbí." Ohun tó ń sọ ni pé "àkọlé rèé, ìpínrọ̀ rèé," ẹ̀rọ tí òǹkàwé mú dání ló sì máa tò wọ́n bó ṣe gba ojú rẹ̀. PDF dà bí aṣọ tí télọ̀ ti rán: tí kò bá bá yín mu, ó parí. EPUB dà bí iró: ẹni tó sanra á ró o, ẹni tó tín-ín-rín náà á ró o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan àwa ọmọ Yorùbá rèé. Kọ̀ǹpútà ò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Ìlànà tó ń jẹ́ Unicode ló fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́tà é ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, torí àwọn Faransé àtàwọn míì ń lò ó. Lẹ́tà ẹ náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀: ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà àti àmì, kó so wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀, ọ́ àti ọ̀. Tí fọ́ǹtì orí ẹ̀rọ ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì lé lẹ́tà lórí, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jáde dípò rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. "Mo ra ọkọ̀" yàtọ̀ sí "mo ra ọkọ́": ọ̀kan ń sáré lójú títì, èkejì ń roko. Tí gbogbo àmì bá wá bọ́ dànù, ó di "mo ra oko," ẹ ti di onílẹ̀ láìmọ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa fi rọ̀ mọ́ PDF: fọ́ǹtì máa ń bá ìwé lọ nínú fáìlì, àmì ò sì ní yẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n EPUB náà lè gbé fọ́ǹtì dání. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif jẹ́ fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ tó mọ àmì Yorùbá dunjú, àṣẹ sì wà láti fi wọ́n sínú ìwé tẹ́ ẹ bá ṣe.

Iṣẹ́ náà ò tiẹ̀ le. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ ìwé, ẹ lo Heading fún àkọlé, ẹ má kàn sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, torí Heading ni ẹ̀rọ fi ń mọ orí kìn-ín-ní yàtọ̀ sí orí kejì. Ẹ má fi Enter mẹ́wàá wá ojú ewé tuntun. Ẹ mú ọ̀nà kan ṣoṣo fún àmì ìsàlẹ̀: àwọn kan ń fi àmì róbótó sí i, àwọn míì ń fi igi kékeré sí i. Lójú tiwa, ìkan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹni tó bá fi ọ̀kan wá ọ̀rọ̀ lè má rí èyí tí wọ́n fi èkejì kọ.

Lẹ́yìn náà, Google Docs lè sọ ọ́ di EPUB fún yín, LibreOffice náà lè ṣe é láti 2018. Ẹ gbé e wọ Calibre, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kẹ́ ẹ fi fọ́ǹtì sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Yorùbá ni èdè ìwé náà. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló wà níbẹ̀, bí Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sókè á ṣe máa pè é, ẹ̀rín á pa yín. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ṣí i lórí ẹ̀rọ kékeré kan, kẹ́ ẹ sọ lẹ́tà di ńlá, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àmì dúró. Àwíjàre pé Kindle kì í gba EPUB náà ti kúrò nílẹ̀: Send to Kindle ti ń gbà á láti 2022.

Mi ò ní kẹ́ ẹ ju PDF nù. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé sórí bébà, tàbí tó ní máàpù àti tábìlì ńlá, PDF ló máa lò. Èyí tó ń dùn mí jù ni PDF tó jẹ́ fọ́tò ojú ìwé lásán. Kò ṣeé tò, kò ṣeé wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ẹni tí kò ríran ò sì lè ní kí fóònù kà á fún òun. Sọ́fítíwíà tó ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú àwòrán sì sábà máa ń ṣi àmì wa mú, kó di pé èèyàn tún jókòó ti gbogbo rẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìkàwé ò ní bá wa to ìwé wa. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tò ó, ọgọ́rùn-ún òǹkàwé ò ní máa fún ojú pọ̀ mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo, èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kí ìyá yín rí kà.