Ta ló rí pílánẹ́ẹ̀tì náà?

Àwọn ọmọ tó ń múra BEPC ti ń sọ pé kí ni ìṣirò wà fún mọ́, ṣebí IA ti ń dá pílánẹ́ẹ̀tì rí lójú ọ̀run. Àwọn òbí kan sì ń gbè wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo èyí tí wọ́n pariwo jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, NASA kéde pé wọ́n ti fi IA rí pílánẹ́ẹ̀tì kẹjọ tó ń yí ìràwọ̀ Kepler-90 po. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ yìí ń rin ọdún tó lé ní 2,500 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ta ni ojú rẹ̀ lè tó ibẹ̀? Awò Kepler, tó ṣiṣẹ́ lójú òfuurufú títí di ọdún 2018, kàn wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó lé ní 150,000 ni. Tí pílánẹ́ẹ̀tì bá gba iwájú ìràwọ̀ rẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ á dín díẹ̀, bí ìgbà tí kòkòrò bá fò kọjá níwájú àtùpà.

Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po lè dín ìmọ́lẹ̀ kù bákan náà. Àbùkù inú awò pàápàá lè fà á. Ta ló wá kọ́ IA ní ìyàtọ̀? Ènìyàn ni. Christopher Shallue ti Google àti Andrew Vanderburg ti Yunifásítì Texas fi àmì 15,000 kọ́ ọ, èyí tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú. 15,000! Èmi tí ìwé ìdánwò ọgọ́ta ọmọ ń sú. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ó gba 96 nínú 100. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó wo ìràwọ̀ 670, ó sì tọ́ka sí àmì kan tó rẹlẹ̀ gan-an, tí ó ti bọ́ mọ́ àwọn ènìyàn lójú. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, mi ò ní bù ú kù. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì tún jókòó ṣe ìṣirò kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Ohun tí Kepler kọ sílẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ lè ṣí i. Àmọ́ ọmọ tí kò mọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, kí ló fẹ́ rí níbẹ̀?

Ẹ bi àwọn ọmọ yín lálẹ́ òní: bí ẹ̀rọ bá ń ṣi 4 nínú 100, mélòó ni yóò ṣì nínú 15,000? Kí wọ́n má fọwọ́ kan fóònù o. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sísàlẹ̀ níbí.