Ta Ni Yóò Mú Idà Náà Dání?

Bí ilé-ẹjọ́ gíga ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó bá dájọ́ ikú fún apànìyàn, ohun tí a máa ń gbọ́ ní ọjà àti ní ibùdókọ̀ ni pé ó tọ́ sí i, kí wọ́n tètè yẹgi fún un. Nígbà tí wọ́n pa àwọn olùjọ́sìn ní ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ ní June 5, 2022, inú bí àwa náà gidigidi. Ìbéèrè kan ni kì í wá síni lọ́kàn nírú àkókò bẹ́ẹ̀: ọwọ́ ta ni yóò pa á?

Àwọn baba wa kò fi ẹni náà pamọ́. Ní Ọ̀yọ́, tẹ̀tù ni wọ́n ń pè é, ìránṣẹ́ ọba ni. Òwe wa tilẹ̀ rántí pé ènìyàn ni òun náà, pé abẹ́nilórí kì í fẹ́ kí a mú idà kọjá ní ìpàkọ́ òun. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní sayyāf, láti ara sayf tí í ṣe idà (àwọn ọmọ Ìdádì wa kò nílò kí a sọ èyí fún wọn).

Ní ọdún 2003, ọ̀kan nínú wọn ní Saudi Arabia, Muhammad Saad al-Beshi, bá ìwé ìròyìn Arab News sọ̀rọ̀. Ó ní òun ń sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé òun a máa lọ bá ẹbí ẹni tí wọ́n pa, láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dárí ji apànìyàn náà, àti pé ìrètí òun kì í pin títí di ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí ó ń pọ́n idà ni ó ń bẹ̀bẹ̀. Ohun tí ó fún un láyè ni pé Sharia ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀: nínú Sūratul-Baqarah, āyah 178, Ọlọ́hun gba àwọn ẹbí láàyè láti dárí jì, kí wọ́n sì gba díyà. Ọ̀pọ̀ ìwé fíkíhì sọ pé bí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn ajogún ẹ̀jẹ̀ bá dárí jì í, ikú ti yẹ̀ nìyẹn.

Ilẹ̀kùn yìí kò sí nínú òfin ìpànìyàn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa níhìn-ín. Ìyá olóògbé ìbáà sunkún àforíjì, adájọ́ kò ní ohun mìíràn tí yóò sọ. Gómìnà nìkan ni abala 212 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún lágbára láti ṣàánú. Ọ̀pọ̀ gómìnà kò sì fẹ́ fọwọ́ sí ikú, wọn kò sì fẹ́ ṣàánú. Ní July 2021, Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá tí ó jẹ́ mínísítà nígbà náà sọ pé àwọn tí ń dúró de ikú lé ní 3,000. Nígbà tí Gómìnà Adams Oshiomhole fọwọ́ sí i, wọ́n yẹgi fún ènìyàn mẹ́rin ní Benin City ní June 2013. A mọ orúkọ gómìnà. Ẹni tí ó yẹgi náà ńkọ́?

Ẹ̀rù ìkánjú sì ń bà wá. Ní 1981, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n pa Nasiru Bello nígbà tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ ṣì wà níwájú ilé-ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ìjọba lẹ́bi ní 1986, ṣùgbọ́n ta ni yóò jí òkú? Àwọn tí ń fi táyà kọ́ olè lọ́rùn lójú títì kò tilẹ̀ ní adájọ́ rárá. Ẹni tí ó jí fóònù kò ní ìdájọ́ ikú nínú Sharia, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa ń di tẹ̀tù fún un.

Àwa kò sọ pé kí wọ́n pa ìdájọ́ ikú rẹ́. Ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní Al-Kùránì kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó fún ni pé kí ìgbìmọ̀ tí ń gba gómìnà nímọ̀ràn lórí àánú kọ́kọ́ lọ sí ilé olóògbé, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹbí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé tí gómìnà yóò kà. Bí wọ́n bá kọ̀, kí gómìnà pinnu, kí ó má fi ẹ̀dá sílẹ̀ kí ó máa wo ẹnu ọ̀nà láràárọ̀ fún ogún ọdún. Kí wọ́n sì pe wọ́dà kan tí iṣẹ́ náà ti já lé lọ́wọ́ rí, kí ó jókòó láàárín wọn, kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.